Má Ti Ilẹ̀kùn Èènì

Àṣàkẹ́, ọmọ ìyá rẹ,

Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ojúde wa ní àdúgbò Nimbo, Ìyá Sámúẹ́lì jókòó tì mí, ó gbé ìwé lé itan. O mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọ̀wé fún ìjọ wa. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ohun dídùn kún un, kó má sì yọ ohun kíkorò kúrò nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ́ ná, kí n mọ bó ṣe korò tó." Bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti rọ̀ jù, òun ni kí o bi.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo ní kí wọ́n tún gbé e sí mi létí, mo sì tún gbọ́ ọ. O ní búrò yín ní Abidjan lọ́hùn-ún, ọ́fíìsì tó ń darí pápá ìṣeré ìlú wa, ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn, pé kò sí ẹni tó máa wọlé wo bọ́ọ̀lù ní Bouaké níbí tí kò ní gba abẹ́ ọwọ́ rẹ kọjá. Mo rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé n kì í sábà rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ obìnrin tó ń ta omi atalẹ̀ lẹ́yìn ògiri ló wá di ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n o tún sọ ohun kan tí n kò lè gbé mì. O ní owó ìwọlé máa tún gòkè. O ní ọ̀gá rẹ kò fẹ́ kí ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ fún àwọn tó wà níta nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kù díẹ̀ kó parí. O ní wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yẹn lé ọ lọ́wọ́, pé ohun tí o bá ṣe lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù ńlá tó ń bọ̀ yìí ni yóò di àṣà láti ìsinsìnyí lọ. O wá fi tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó abẹ́ òrùlé ránṣẹ́ sí mi, kí n wá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oòrùn má pa mí. O ní, "Bàámi, ẹ gbàdúrà fún mi."

Mo ti gbàdúrà. Àdúrà nìkan kọ́ ni bàbá fi ń tọ́ ọmọ. Fetí sílẹ̀.

Èkíní, n kò ní bá ọ jà lórí owó. Oníṣòwò ni mí, mo mọ̀ pé ọjà ń gbówó lórí. Koríko pápá kì í gé ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń sáré lórí rẹ̀ ní ikùn. Iná tí ẹ ń tàn níbẹ̀, ẹnì kan ló ń sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ ohun tí o ń ṣe bí o bá ń ṣe é. Nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìlú yìí, tí mo ń gbé wọ́síwọ́sí kiri lórí, owó tí ènìyàn fi ń jẹ búrẹ́dì àti tíì láàárọ̀ náà ló fi ń wọlé wo bọ́ọ̀lù. Lónìí, bàbá ọlọ́mọ tó bá fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, àfi kó yàn: ìran tàbí ìrẹsì. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń wa mọ́tò-taksí, ìyẹn ọ̀kadà akérò, òun ló máa ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í bóyá ó ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó pè mí bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbí, ó ní, "Bàbá Anango, mo ń gbé wọn lọ, mo ń gbé wọn bọ̀. Èmi fúnra mi, ògiri ni mo mọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré, ó sì tẹ mọ́tò rẹ̀. Máa rántí ọmọ yẹn nígbà tí o bá ń kọ iye owó sórí ìwé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ èènì, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ pe Ìyá Sámúẹ́lì jáde nílé rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, òwú, abẹ́rẹ́, ìyarun àti dígí ni mo ń tà. Mo máa ń gbé wọn lọ sí ìlú Bodokro lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá ra òwú lọ́wọ́ mi, mo máa ń fi abẹ́rẹ́ kan há a lọ́wọ́ ní èènì. Bí mo bá gbàgbé, wọ́n á na ọwọ́: "Anango, dọ fara a kan," ìyẹn ni pé kí n fi díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ọjà wọ́n. Mo gbé owó lé òwú, mo sì tún yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ìyá àgbà kan, ẹ̀yà Baoulé, tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi tipẹ́ sanwó, ó na ọwọ́, ó dúró.

Ó ní, "Abẹ́rẹ́ mi dà?"

Mo ní, "Màmá, ọjà ti wọ́n."

Ó ní, "Mo ti san owó tó wọ́n náà. Abẹ́rẹ́ mi dà?"

Ó dá òwú padà sínú igbá mi, ó gba owó rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé Anango yìí ti di ilé pósítì, èèyàn ń sanwó fún un, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá a lọ.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Mo rò pé yóò bá mi bú wọn. Ó ń fọ ife, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ gbé owó lé e bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má yọ èènì. Owó ló ń mú ọjà lọ, èènì ló ń mú oníbàárà bọ̀." Láti ọjọ́ náà, n kò tún ta òwú láìfi abẹ́rẹ́ sí i, ìbáà wọ́n bí ojú.

Ilẹ̀kùn yẹn, Àṣàkẹ́, èènì pápá ni.

Ṣé o rántí rẹ̀ dáadáa? O kéré nígbà náà, ẹ̀yìn ìyá rẹ lo máa ń wà. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, èmi á gbé korobá omi atalẹ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní nyamankú, òun á gbé ọpọ́n ife. A ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì á mu, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á wọlé. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn á padé, ìta á dákẹ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò. Àwa tó kù níta ń gbọ́, a kò rí. Bí wọ́n bá pariwo, ẹnì kan á ní, "Tiwa ni." Ẹlòmíràn á ní, "Irọ́ ni, tiwa kì í pariwo báyìí." Wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tí ojú wọn kò tó.

Bọ́ọ̀lù á wá kù díẹ̀. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn á yọ irin, á ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. Alágbàṣe, kanlékanlé, obìnrin tó pọn ọmọ, gbogbo wa á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí omi tó ń wọ oko ìrẹsì. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó kù níta tó máa rajà, ìyá rẹ náà á gbé ọpọ́n lé orí, á wọlé. Oòrùn á ti rọ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo pápá, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù á dà bí ẹni tó ń rìn nínú èéfín. Bọ́ọ̀lù á fò sókè, á sì pẹ́ lókè, á pẹ́ débi pé ènìyàn á rò pé kò ní bọ̀ mọ́. Ìyá rẹ á la ẹnu sílẹ̀. Ojú tó fi ń wò ó, kò fi wo èmi rí, títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó wa.

Báyìí ló ṣe wo bọ́ọ̀lù títí ó fi kú. Òpin nìkan ló mọ̀. Kò rí ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù kan láyé rẹ̀.

Bí a bá ń rìn bọ̀ wálé, á ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?" Èmi náà kò rí i, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún un. Mo máa ń ní ọmọ kúkúrú kan nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù gba bọ́ọ̀lù lẹ́nu ilé tiwọn, ó ń rìn gba àárín àwọn ọ̀tá kọjá bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n rí i, kí wọ́n tó ronú ohun tí wọ́n máa dáhùn, ó ti kọjá. Ìyá rẹ á rẹ́rìn-ín títí ife á fi máa lu ara wọn lórí ọpọ́n. Á ní, "Irọ́ lẹ ń pa." Lẹ́yìn náà á ní, "Ẹ máa bá a lọ." Èmi á máa bá a lọ. Ilẹ̀ á máa ṣú díẹ̀díẹ̀, iná mọ́tò á máa kọjá lára wa, ìwọ á ti sùn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà Nimbo á sì gùn bí ẹni pé wọ́n fi díẹ̀ sí i fún wa.

Èkejì náà tún ni pé, má jẹ́ kí ipò gbé ọ jìnnà sí ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá Sámúẹ́lì ní èkejì ti kọjá, ẹ̀kẹta nìyí. Kó kọ èyí tó bá wù ú.

Nígbà tí ọjà mi gbéra, mo ṣe àṣìṣe ọ̀dọ́. Mo ra ìjókòó abẹ́ òrùlé, irú èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi yìí, mo gbé agbádá wọ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé lónìí n ó lọ rí ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, n ó sì wá sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa o." Mo fi òun àti korobá sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo jókòó. Àga náà rọ̀. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi ń sùn. Ẹni tó wà lósì mi ń bi mí pé ta ni mo mọ̀ tí mo fi dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá a síhìn-ín, wọ́n gbá a sọ́hùn-ún, ó jáde, wọ́n lọ mú un wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ rí. Nígbà tí à ń lọ sílé, mo sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan kan kún un. A rìn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, èyí tí ẹ kò rí dùn ju èyí tí ẹ rí lọ. Ẹ má lọ mọ́. Ẹ máa dúró tì mí."

N kò sì lọ mọ́.

Wọ́n ń pè ọ́ ní Madame ní búrò rẹ. Ó dára. Jẹ́ wọn bí wọ́n bá pè ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, kí o tó lọ jókòó sínú yàrá tó tutù, rìn yí ògiri yẹn ká níta, kí o wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀. Má rán ẹlòmíràn. Kí o sì jẹun kí o tó jáde nílé, ebi máa ń jẹ́ kí o kanra, láti kékeré ni.

Ìyá rẹ ti kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí àwọn ènìyàn máa ń fi òwú wé e. Wọ́n ní ó sùn. Wọ́n ní ó ti lọ sílé. Ilé rẹ̀ nìyí, mo wà nínú rẹ̀, kò sí níbí. N kò sunkún lẹ́bàá ibojì, àwọn ará ìjọ sì ń wò mí. Ọkàn mi ti yigbì, mo mọ̀, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi rọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá kọjú síhìn-ín, mo máa ń gbọ́ ariwo pápá láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Bí oorun ọ̀sán bá gbé mi, ariwo náà á wọ inú rẹ̀ tẹ̀lé mi. Mo máa ń rí i pé àwa méjèèjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, korobá wà láàárín wa. Ògiri náà á máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, títí òjìji àwọn tó ń sáré á fi máa hàn lára rẹ̀. Ìyá rẹ á ní, "Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀." Mo ní, "Wọ́n ti fẹ́ parí." Á ní, "Rárá, ẹ wò ó dáadáa, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀." Bàbá arúgbó á fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni mo máa ń jí. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń jí kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ìyá Sámúẹ́lì ti dáwọ́ dúró. Mo ní kó máa kọ. Ó ní, "Bàbá, ohun tí pásítọ̀ ń pè ní oore-ọ̀fẹ́ lẹ ń sọ yìí." Èmi kò lọ ilé ìwé. Èènì ni mo mọ̀. Bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ó kù ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. O ní ó ń bẹ̀rù kí àwọn ènìyàn má tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Òótọ́ ló sọ, má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bọ́ọ̀lù ẹgbẹ̀rún kò tó ẹ̀mí kan. Ṣùgbọ́n wo bí bàbá arúgbó yẹn ti ń ṣe é. Ó ń ṣí i lásìkò kan náà nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí à ń jẹ wọ́n, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ wá. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa ṣílẹ̀kùn kì í sáré. Ẹni tó ń ṣiyèméjì ló ń ti èèyàn. Jẹ́ kí arúgbó àti abiyamọ ṣíwájú. Fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń jáde. Bí èrò inú bá ti kún, sọ fún àwọn ará ìta lójú ara wọn pé tòní kò ní ṣeé ṣe, wọ́n á gbọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn ń bọ̀. Ṣebí o máa ṣí ilẹ̀kùn náà kí àwọn tó wà nínú lè rí ọ̀nà lọ sílé. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o ṣí i ṣáájú díẹ̀.

O tún ní ọ̀gá rẹ ń bi ọ́ pé, bí wọ́n bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn máa ṣí, ta ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì? Bi òun náà pé, ṣé ẹni tó gba èènì kì í rajà ni? Àwọn tó ń wo òpin ni bọ́ọ̀lù ń jà lára jù. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ wọn bá tẹ owó, wọ́n á wá ra ìbẹ̀rẹ̀. Ti gbogbo ilẹ̀kùn pa mọ́ wọn, wọ́n á lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ wọn kò sì ní mọ ọ̀nà pápá mọ́. Nígbà yẹn, ta lẹ fẹ́ gbówó lé lórí?

Sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má bá a jà. Má sì ní bàbá mi ló ní kí n ṣe é, wọ́n á ní bàbá Anango kan ní Nimbo ló ń darí búrò àwọn. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán ọ pé kí o gbé owó sókè, gbé e sókè. Ṣùgbọ́n bí o bá ń jẹ́ iṣẹ́ náà, rántí ọmọ ẹni tí o jẹ́, àti ẹ̀yìn tí o sùn lé.

Ó rẹ̀ mí. Ìyá Sámúẹ́lì ní ọwọ́ ń dun òun.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ nìyí nínú àpò lẹ́tà, mo dá a padà. Kì í ṣe ìbínú. Wá ọmọ mọ́tò-taksí wa yẹn kàn nígbà tí o bá dé, kí o fún un. Ó ti mọ ògiri tó.

Èmi náà á wá lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ, n kò débẹ̀, ṣùgbọ́n n ó wá. N ó wọ fìlà àwọ̀ ilẹ̀ mi, kí o lè dá mi mọ̀ láàárín èrò. N ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tó máa ń gbé ọpọ́n sí, n ó máa gbọ́ ariwo. Bí wọ́n bá ní "Tiwa ni," n ó bá wọn jiyàn. Bí o kò bá ṣí ilẹ̀kùn, n kò ní bú ọ, n ó yí padà, n ó rìn lọ sílé, ọmọ mi ṣì ni ọ́.

Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́, bí mo bá délé, ìyá rẹ yóò bi mí bó ṣe rí. Ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣòro, èmi fúnra mi mọ bí mo ṣe ń ṣe é. Òpin ni kí o fún mi.

Bàbá rẹ ni, ní Nimbo. Mo ti fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, kí o má baà rò pé Ìyá Sámúẹ́lì ló sọ gbogbo rẹ̀.